Ta Ló Ni Ìwé Atúmọ̀-Èdè Yorùbá?

Ọmọ Òmùpo ni mí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń ná ọjà ni kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa wí pé ọ̀rọ̀ ará oko ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ìwé náà, nítorí ẹni tó ni ín ló ń pinnu ohun tí yóò wọ inú rẹ̀.

Ní 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọ CMS ni ó ń sìn. Ìjọ yìí kan náà ló pe ìpàdé sí Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Nígbà tó sì di 1913, ilé ìtàwé CMS l'Ékòó gbé ìwé atúmọ̀-èdè jáde. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: ìjọ ló ni ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń lo ìwé, òun ló ni ìwé, òun náà ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń rà á. Bíbélì kan ṣoṣo tí gbogbo Yorùbá yóò lè kà ni ó ń wá, nítorí náà èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n sì bu ti Ẹ̀gbá àti Èkó sí i. N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi Ìgbómìnà.

Oxford University Press ṣí ọ́fíìsì sí Ìbàdàn ní 1949, ó sì tẹ ìwé CMS náà ní 1950. Ní 1958, òun náà ló tẹ *Atúmọ̀ Ede Yoruba* tí Olóyè Isaac Délànọ̀ kọ. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹ̀ka Ìbàdàn yìí di University Press Limited ní 1978. Olówó yí padà, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ náà ni wọ́n ń tún tẹ̀.

Ti R. C. Abraham ló yà mí lẹ́nu jù. University of London Press ló tẹ ìwé rẹ̀, tí ojú-ìwé rẹ̀ lé ní 700, ní 1958. Orúkọ yunifásítì ni ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ o, ṣùgbọ́n Hodder & Stoughton ló ni ín. Hodder dara pọ̀ mọ́ Headline ní 1993. WH Smith, àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní ibùdókọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rà wọ́n ní 1999. Hachette ti ilẹ̀ Faransé sì rà wọ́n ní 2004. Abraham kú ní 1963. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé sílẹ̀, nítorí náà títí di òpin 2033, a kò lè tún ìwé náà ṣe kí á sì tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ.

Kì í ṣe ọ̀ràn Yorùbá nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni Encyclopaedia Britannica ra ilé-iṣẹ́ Merriam, tó ń tẹ ìwé Webster, ní 1964. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra ìwé Webster pọ̀, owó àtúnṣe sì ń tibẹ̀ wá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe ń béèrè fún àwọn tí yóò máa rìn láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtúntẹ̀ kò ju owó bébà àti yíǹkì lọ. Níbi tí kò sí olùdíje, èwo ni oníṣòwò yóò yàn?

Ní January 2020, Oxford fi "danfo" sínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, nítorí pé ó ní òṣìṣẹ́ tó ń sanwó fún láti máa wá ọ̀rọ̀ titun kiri. Ní Òmùpo, àwọn àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí ń kú lọ. Ẹni tó bá ní fóònù lè gba ohùn wọn sílẹ̀ lónìí, kò sì nílò àṣẹ Hachette.