Ohun Tí Obìnrin Kan Rí Nínú Ewé Tíì

Tíì aláwọ̀ ewé ni ọ̀rọ̀ wa tòní dá lé lórí, èyí tí wọ́n kọ "Thé Vert de Chine" sára páálí rẹ̀. Ẹlòmíì tó ń tà á á ní kò sí àrùn tí kò lè wò. Ká tó gbà, ká tó kọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti wá, ká sì mọ ẹni tó wo inú rẹ̀ fínnífínní.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mu tíì. Láti ibẹ̀ ló ti dé Japan. Ní 1211, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà kan tó ń jẹ́ Eisai kọ ìwé níbẹ̀, ó fi yin tíì pé ó ń fún ara ní ìlera. Ọ̀nà mìíràn ló gbà dé Áfíríkà wa. Láàárín 1853 sí 1856, ogun Crimea dí ọjà mọ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá kó tíì wọn lọ sí èbúté Mòrókò. Láti ibẹ̀ ló ti gba Sàhárà kọjá, tó fi di ohun mímu àwọn ará Mali àti Niger. Àwọn ọkùnrin tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń sè é nínú ìkòkò kékeré lórí iná èédú, ibẹ̀ ni àṣà yẹn ti wá.

Ó lé ní 700 ọdún lẹ́yìn ìwé Eisai kí ẹnikẹ́ni tó yọ catechin, ọ̀kan lára ohun tó ń mú tíì korò, jáde lọ́tọ̀ láti inú tíì aláwọ̀ ewé. Obìnrin ló ṣe é. Michiyo Tsujimura ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní Japan. Ní 1920, ó lọ ṣèwádìí ní yunifásítì Hokkaido, ṣùgbọ́n wọn kì í gba obìnrin ní akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ó gbà láti máa ṣe olùrànlọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó lọ sí Tokyo. Ní 1923, ilẹ̀ mì tìtì, ó ba ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó kó lọ sí ibòmíràn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 1929, ó yọ catechin jáde láti inú tíì aláwọ̀ ewé. Ní 1932, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Japan tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Kí ni catechin ń ṣe? Ẹ wo iṣu tí a bẹ sílẹ̀: tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ á dúdú. Ewé tíì náà rí bẹ́ẹ̀. Tíì aláwọ̀ ewé, wọ́n tètè fi ooru mú ewé rẹ̀ kó má baà dúdú, ìdí nìyẹn tí catechin inú rẹ̀ fi pọ̀ ju ti tíì dúdú lọ. Nínú ara tiwa, bí oúnjẹ ṣe ń di agbára, àwọn èérún kan ń jáde bí èéfín iná ìdáná, wọ́n sì lè ba ara jẹ́. Nínú ìgò ìwádìí, catechin ń mú wọn mọ́lẹ̀. Àmọ́ ìgò kì í ṣe ènìyàn. Díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀ nínú ohun tí a mu.

Wọ́n wá wo ènìyàn fúnra wọn. Láti 1994, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé 40,530 àgbàlagbà ní agbègbè Miyagi ní Japan. Èsì tó jáde ní 2006 ni pé àwọn tó ń mu ife márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kú ikú àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó àwọn tí kì í mu tó ife kan, pàápàá àwọn obìnrin. Ti jẹjẹrẹ ńkọ́? Kò sí ìyàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí tíì pa á tì.

Ibi tó kan ìyá àti ọmọ nìyí o. Irin inú oúnjẹ wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun kíkorò inú tíì yìí máa ń so mọ́ irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kò ní jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Aláboyún tó ń fi tíì lé oúnjẹ sísàlẹ̀, tàbí tó ń fi tíì mu oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ kan ló fi ń kó o wọlé, ọwọ́ kejì ló fi ń dà á nù. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún. Ẹ má fún ọmọ kékeré.

Ti oògùn oníkóró tí wọ́n fi tíì yìí ṣe, tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ fọn, ẹ ṣọ́ra. Ní 2018, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ pé bí catechin tó lágbára jù nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti tó miligíráàmù 800 lóòjọ́, ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ife tíì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ohun mímu tó dáa ni tíì aláwọ̀ ewé. Ẹ mu ún bí ohun mímu, ẹ fi iṣẹ́ oògùn sílẹ̀ fún oògùn.