Marlin Briscoe: Wọ́n Ní Kó Má Ju Bọ́ọ̀lù Mọ́, Ó Sì Di Ọ̀gá Nínú Gbígbà Á

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2023, ikọ̀ Kansas City Chiefs àti ikọ̀ Philadelphia Eagles pàdé nínú Super Bowl, èyí tí í ṣe àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Patrick Mahomes ló darí eré fún ikọ̀ àkọ́kọ́, Jalen Hurts ló darí fún èkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aláwọ̀ dúdú yóò jẹ́ adarí eré níhà méjèèjì nínú ìdíje náà. Àwọn oníròyìn pariwo rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí inú rẹ̀ ì bá dùn láti rí ọjọ́ yẹn ti jáde láyé ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ní ẹni ọdún 76. Marlin Briscoe ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ náà rí, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́.

Kí ìtàn náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń sọ. Nínú bọ́ọ̀lù tí àwa mọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń gbá a. Nínú tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń jù ú, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń gbà á. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń wà lórí pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti fi sún un síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Quarterback ni adarí wọn: òun ló ń sọ ètò eré fún àwọn yòókù, òun náà ló ń ju bọ́ọ̀lù. Wide receiver ni ẹni tó máa ń dúró sí apá ẹ̀gbẹ́ pápá, tí yóò sáré lọ síbi tí wọ́n ti fẹnu kò sí, tí yóò sì gba bọ́ọ̀lù náà bí alátakò tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní ìlú Èkó ní ọdún 1993, wà lára àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí dé òkè; ó wà nínú ikọ̀ Eagles tó gba Super Bowl ní oṣù Kejì, ọdún 2018.

Iṣẹ́ náà kò sí nígbà tí eré yìí bẹ̀rẹ̀. Òfin kò fàyè gba kí a ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ńṣe ni wọ́n ń fi ara kọ lu ara, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń kú lórí pápá. Ní ọdún 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú yunifásítì ńláńlá sí ilé ìjọba, ó ní kí wọ́n tún eré wọn ṣe. Ní ọdún 1906, wọ́n yí òfin padà, jíjù síwájú sì di ohun tó tọ̀nà. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó mọ bí wọn yóò ṣe lo àǹfààní náà dáadáa. Don Hutson, tó dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ Green Bay Packers ní ọdún 1935, ló fi hàn wọ́n pé gbígba bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ tó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1945, ó ti gba touchdown 99 wọlé, kò sì sí ẹni tó kọjá iye yẹn títí di ọdún 1989.

Àmọ́ láti ọdún 1934 sí 1945, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú líìgì NFL. Ọdún 1946 ni Kenny Washington àti Woody Strode wọ ikọ̀ Los Angeles Rams. Ilẹ̀kùn ilé ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá kan. Yàrá quarterback nìyẹn. Bí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá jẹ́ ọ̀gá nínú jíjù bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbowó, wọn a ní kó lọ máa sáré lápá ẹ̀gbẹ́ tàbí kó lọ máa dènà lẹ́yìn. Èrò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé dúdú ní eré nínú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní làákàyè láti darí àwọn ẹlòmíràn.

Inú ayé báyìí ni wọ́n bí Marlin Briscoe sí, ní ìlú Oakland, ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1945. Ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ sí yunifásítì, tó ń ju bọ́ọ̀lù tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní onídán. Ní ọdún 1968, ikọ̀ Denver Broncos mú un ní ìpele kẹrìnlá nínú ètò ìyan-agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí yóò máa dènà lẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Briscoe kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó bá wọn dúnàádúrà: kí wọ́n fún òun láyè ọjọ́ díẹ̀ ní ibùdó ìdánrawò, kí òun ju bọ́ọ̀lù lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbà. Ó jù ú, wọ́n rí i, wọ́n sì dá a padà sí ẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tí Steve Tensi, ẹni tí wọ́n gbójú lé, fi ṣèṣe ní egungun èjìká. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Briscoe di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré gẹ́gẹ́ bíi quarterback nínú líìgì AFL. Ìgbà márùn-ún péré ló bẹ̀rẹ̀ eré ní sáà náà, síbẹ̀ ó ju touchdown 14. Títí di ọdún 2024, kò sí ọ̀dọ́ mìíràn tó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Denver.

Kí ni èrè rẹ̀? Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ní ọdún 1969 àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ń ṣèpàdé láì pe òun sí i. Ó ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bá ara rẹ̀ ní Buffalo, níbi tí Jack Kemp àti ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn, James Harris, ti wà ní ipò tí ó ń wá. Bó bá fẹ́ jẹun, àfi kó gba iṣẹ́ tí kò ṣe rí: kó di wide receiver.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni. Olùgbà gbọ́dọ̀ mọ iye ìṣísẹ̀ tí yóò gbé kí ó tó yà, nítorí pé ẹni tó ń jù ú kì í dúró dè é. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí olùgbà tó yíjú padà. Ó gbọ́dọ̀ wo bí àwọn alátakò ṣe dúró, kí ó sì mọ ibi tí àlàfo yóò ti ṣí. Ọ̀nà láti wọ ikọ̀ sì há. Lónìí, ikọ̀ kan lè pe ènìyàn 90 sí ibùdó ìdánrawò, kí 53 péré sì ṣẹ́kù nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀. Ibi tí Briscoe ti rí ọ̀nà tirẹ̀ nìyí: ó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, nítorí òun náà ti wà níbẹ̀ rí. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ní ọdún 1970, ọdún kejì péré lẹ́nu iṣẹ́ tuntun, ó gba bọ́ọ̀lù ìgbà 57, ó fi rin yáàdì 1,036, ó sì gba touchdown mẹ́jọ wọlé. Wọ́n yàn án sí Pro Bowl, eré àwọn àṣàyàn. Ní 1972, ikọ̀ Miami Dolphins fẹ́ ẹ débi pé wọ́n fún Buffalo ní ẹ̀tọ́ wọn ní ìpele kìíní nínú ètò ìyan-agbábọ́ọ̀lù ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kẹrìnlá ti di ẹni tí wọ́n ń fi ìpele kìíní rà. Ní sáà náà, Miami gba gbogbo eré 17 tí wọ́n gbá, títí kan Super Bowl, ohun tí ikọ̀ NFL mìíràn kò tíì ṣe títí di òní. Wọ́n tún gba Super Bowl ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà wa ní bí ọ̀nà kan kò bá dí, ọ̀nà kan kì í là. Òtítọ́ ni, ìtàn Briscoe sì jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ẹni tó dí ọ̀nà àkọ́kọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń tọ́ka sí àṣeyọrí rẹ̀ bí ẹni pé ó dára bí wọ́n ṣe lé e kúrò nípò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Làákàyè tí wọ́n sọ pé kò ní ni ó fi borí nínú iṣẹ́ kejì. Aláwọ̀ dúdú mìíràn, Warren Moon, kọ̀ láti yí ipò padà ní ọdún 1978. Nígbà tí kò sí ikọ̀ NFL tó yàn án, ó kọjá sí Kánádà, ó gba ife níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ó tó padà wá sí Houston gẹ́gẹ́ bíi quarterback. Ní oṣù Kìíní ọdún 1988, Doug Williams di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi ipò náà gba Super Bowl. Ẹni tó gbà láti yí padà àti ẹni tó kọ̀, ogun kan náà ni wọ́n jà.

Ayé kò rọ Briscoe lọ́rùn lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Kokéènì gba owó àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jà, ó bọ́, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 2016, yunifásítì tó ti lọ ní Omaha gbé ère rẹ̀ kalẹ̀. Ère náà kò fi í hàn bí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù. Ẹni tó fẹ́ jù ú ni wọ́n yà.

Ní ilé iṣẹ́ wa, nínú òṣèlú wa, àti nínú ẹbí pàápàá, a mọ àwọn tí a gba ipò wọn lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ṣe dáadáa níbi tí a tì wọ́n sí. A máa ń yìn wọ́n pé wọ́n ní sùúrù. Ìyìn náà tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n gbèsè ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn ṣì wà lọ́rùn wa, sùúrù wọn kò san án.