Àjẹ́ Ké Lánàá: Ikú Bọ́lá Ìgè àti Ẹjọ́ Tí Kò Lójúùtú

Níbikíbi tí àwa ọmọ Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹ̀sí bá ti jókòó pọ̀, bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á dárúkọ Bọ́lá Ìgè. Ẹ̀sà-Òkè tirẹ̀ kò kúkú jìnnà sí wa. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi àwa oníròyìn: ta ló pa á gan-an?

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, nígbà tí ìjà òṣèlú gbóná ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn jàǹdùkú já fìlà lórí Ìgè láàfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mínísítà Ètò Ìdájọ́ ni. Láàrín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pa Ọ̀dúnayọ̀ Ọlágbajú, ọmọ Ilé Aṣòfin Ọ̀ṣun, ní Ifẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 23, àwọn apànìyàn wọlé tọ Ìgè ní Bódìjà, Ìbàdàn, wọ́n yìnbọn pa á nínú yàrá. Àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kó ṣọ́ ọ ti jáde lọ jẹun.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ará ìlú ṣe rò ó nìyẹn. Àwọn kan ní ìjà Ọ̀ṣun ni. Àwọn mìíràn ní Àbújá lọ̀rọ̀ ti wá, nítorí Ìgè ń múra àtikúrò nínú ìjọba lọ sí ìgbìmọ̀ onímọ̀ òfin ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò sí èyí tí ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú méjèèjì.

Ṣebí iṣẹ́ ìjọba ni láti fi ẹ̀rí hàn bóyá àjẹ́ tó ké náà ló pa ọmọ? Afurasí kan sọ̀rọ̀, ó tún yí i padà. Wọ́n gbé Iyìọlá Omíṣore, tó ti jẹ́ igbákejì gómìnà Ọ̀ṣun, lọ sí kóòtù. Ó wọlé ìbò sẹ́nétọ̀ láti àtìmọ́lé ní 2003, kóòtù sì dá a sílẹ̀ ní 2004. Adájọ́ Àtinúkẹ́, ìyàwó olóògbé, ti kú ní oṣù Kẹrin 2003, kò rí òpin ẹjọ́ náà. Títí dòní, kóòtù kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú yẹn.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n pa Kennedy ní 1963, wọ́n yìnbọn pa ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ìwé ìwádìí ìjọba tó tẹ̀lé e kò pa ìròkúrò lẹ́nu mọ́.

Ewu ibẹ̀ ni pé àhesọ a máa bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀, a sì máa dúró lọ́rùn ẹni tí kóòtù ti dá láre. Nígbà tí wọ́n pa Dókítà Ayọ̀ Dáramọ́lá, ẹni tó fẹ́ du ipò gómìnà Èkìtì, ní Ìjan ní 2006, a ti mọ bí a ṣe ń fura kí ọlọ́pàá tó débẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká máa ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ sí ohun tí a gbọ́. Ká má sì dákẹ́: ìjọba ṣì jẹ wá ní àlàyé.