Arapaima (Animal Crossing: New Horizons)

Arapaima jẹ́ ẹja odò tó ń dọdẹ ẹja mìíràn jẹ. A lè fi ìwọ̀ pa á nínú Animal Crossing: New Horizons, eré fídíò tí Nintendo gbé jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020.

Ìgbà tí a ń rí i

Inú odò ni ó ń gbé. Ní ìlàjì àríwá ayé, a máa ń rí i láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Ní ìlàjì gúúsù, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń jáde, títí di aago 9 òwúrọ̀.

Bí a ṣe ń pa á

Òjìji rẹ̀ nínú omi tóbi púpọ̀. A ó ju ìwọ̀ síwájú òjìji náà, a ó sì ní sùúrù, nítorí ẹja náà lè fẹnu kan ìwọ̀ nígbà mẹ́rin kí ó tó gbé e. Ẹni tó bá kánjú fà á yóò pàdánù rẹ̀. Iye tí a ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 10,000 owó Bells.

Arapaima gidi

Agbègbè odò Amazon ni arapaima ti wá. Ó máa ń yọ sójú omi láti mí, ibẹ̀ sì ni àwọn apẹja ti ń fi ọ̀kọ̀ gún un. Àpajù mú kí ó dínkù ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Mamirauá, ní ilẹ̀ Brasil, àwọn apẹja máa ń ka iye ẹja tó yọ wá mí, kí wọ́n tó pinnu iye tí wọn yóò pa. Nínú eré náà, kò sí iye tí a lè pa tí yóò mú kí ó tán.