Íntánẹ́ẹ̀tì lórí Ọkọ̀ Òkun

Íntánẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ òkun ni àkójọ ẹ̀rọ, ọ̀nà àti ètò tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi fi ń so kọ̀ǹpútà àti fóònù wọn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí èbúté, ó ń rìn lẹ́bàá etíkun, tàbí ó ti wọ agbami. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ti orí ilẹ̀ ni pé ọkọ̀ kì í dúró sójú kan, kò sì sí wáyà tí a lè fà tẹ̀ lé e, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀, ohùn àti àwòrán tó bá wọlé tàbí tó bá jáde ní láti gba inú afẹ́fẹ́ kọjá lórí ìgbì rédíò. Bí ọkọ̀ ti ń jìnnà sí ilẹ̀ ni ọ̀nà tó wúlò ń yí padà, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà tí kò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ tó wọ́n jù ni íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣeé gbára lé, bí kò ṣe èyí tó ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ ṣe nígbà tí èkejì bá dákẹ́.

Ìtàn

Ìbánisọ̀rọ̀ láti ojú òkun ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Guglielmo Marconi, ọmọ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ tẹlígíráàfù aláìlókùn sínú ọkọ̀, èyí tó ń fi àmì Morse ránṣẹ́, ìyẹn ìró gígùn àti ìró kúkúrú tó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi pe ọkọ̀ Carpathia tó wá kó àwọn tó yè, ìjàǹbá náà ló sì mú kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1914. Àmì Morse wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1999, nígbà tí GMDSS, ètò àgbáyé fún ìpè ìrànlọ́wọ́ àti ààbò lójú òkun, gba ipò rẹ̀ pátápátá.

Sátẹ́láìtì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé sí òfuurufú kí ó lè máa yí ayé po, wọ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní ọdún 1976, nígbà tí Amẹ́ríkà gbé àwọn sátẹ́láìtì Marisat sókè. Ní ọdún 1979 ni wọ́n dá àjọ Inmarsat sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó àjọ ọkọ̀ òkun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí a mọ̀ sí IMO lónìí. Inmarsat bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1982, ó di ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Viasat ti Amẹ́ríkà sì rà á ní ọdún 2023. Ní ọdún 1998 ni Iridium, tí ó ní sátẹ́láìtì 66 tó ń yípo ní gíga tó tó kìlómítà 780, bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè dá a dúró ní ọdún tó tẹ̀ lé e kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2001. Ní gbogbo àsìkò náà, owó ìpè láti ojú òkun wọ́n débi pé ímeèlì tó gùn díẹ̀ jẹ́ ìnáwó, nígbà tí Inmarsat sì gbé iṣẹ́ FleetBroadband jáde ní ọdún 2007, iyara tó ga jù tí ó lè fúnni kò ju kílóbíìtì 432 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì etíkun

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní èbúté tàbí lẹ́bàá ilẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká ló rọrùn jù, òun náà ló sì sábà máa ń pọ́ọ́kú jù. Ibi tí ó mọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára òpó nìkan, nítorí pé ayé rí róbótó, ìgbì tí fóònù ń lò sì máa ń lọ tààrà, kì í tẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀yìn ayé. Bí òpó tó wà ní etíkun bá ga tó mítà 100, tí áńtẹ́nà orí ọkọ̀ sì wà ní mítà 9 sókè omi, àwọn méjèèjì kò lè rí ara wọn mọ́ bí àárín wọn bá ti kọjá nǹkan bí kìlómítà 53. Yàtọ̀ sí èyí, ètò GSM, tí ó jẹ́ ìran kejì fóònù alágbèéká, ní ààlà tirẹ̀ ní kìlómítà 35, nítorí pé àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fóònù kọ̀ọ̀kan láti dá òpó lóhùn kò gbà ju ìrìn ìgbì tó tó bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin tí wọ́n fi kan ọkọ̀ tún máa ń dí ìgbì náà lọ́nà, tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí déèkì lè kú fin-ín nínú yàrá atukọ̀. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń gbé áńtẹ́nà sí ibi tó ga jù lórí ọkọ̀, wọn yóò so ó mọ́ ráútà tó gba káàdì síìmù méjì láti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ráútà náà yóò sì tún pín in kiri inú ọkọ̀ pẹ̀lú Wi-Fi. Wáyà tó ti orí òpó sọ̀ kalẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn jù, torí pé bí ó bá ti gùn tó ni agbára ìgbì inú rẹ̀ yóò ṣe máa dín kù.

Sátẹ́láìtì òkè réré

Tí ilẹ̀ bá ti pòórá, ojú ọ̀run nìkan ló kù. Sátẹ́láìtì tó wà ní gíga kìlómítà 35,786 lókè ìlà agbedeméjì ayé máa ń bá ayé yí ní déédéé, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ó dúró gbọn-in lójú kan, mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré sì tó láti bojú tó gbogbo òkun àyàfi ẹkùn òpin ayé ní àríwá àti gúúsù. Ètò VSAT, tí ó ń lo áńtẹ́nà abọ́ tí kò tóbi púpọ̀, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ epo fi ń bá irú sátẹ́láìtì yìí sọ̀rọ̀. Abọ́ náà máa ń wà nínú ìbòrí funfun róbótó, tí mọ́tò inú rẹ̀ ń yí i lọ yí i bọ̀ kí ojú rẹ̀ má bàa kúrò lára sátẹ́láìtì nígbà tí ìgbì òkun bá ń bi ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àléébù rẹ̀ mẹ́ta ló hàn jù. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀nà náà jìn, ìbéèrè àti èsì sì ń gba nǹkan bí ìdá 600 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ bọ̀, èyí tó ń mú kí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Èkejì ni pé òpó ọkọ̀, ilé èéfín tàbí àpótí ẹrù tí wọ́n tò gíga lè dúró sí àárín abọ́ àti sátẹ́láìtì nígbà tí ọkọ̀ bá yí orí padà, ìdí sì nìyí tí àwọn ọkọ̀ ńlá fi ń gbé abọ́ méjì sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹta ni òjò, nítorí pé ìgbì tí wọ́n ń pè ní Ku àti Ka, tó lè gbé dátà púpọ̀, máa ń rẹ̀ bí òjò ńlá bá ń rọ̀, nígbà tí ìgbì C, tó ń béèrè abọ́ ńlá, máa ń fara dà á, èyí tó jẹ́ kí ó wúlò lójú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an.

Sátẹ́láìtì ìtòsí

Ọ̀nà tuntun ni ti àwọn sátẹ́láìtì tó pọ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n ń yípo nítòsí ayé. Starlink, tí SpaceX ni, ń lo gíga tó tó kìlómítà 550, ó sì gbé iṣẹ́ ti ojú òkun jáde ní oṣù keje ọdún 2022. OneWeb wà ní nǹkan bí kìlómítà 1,200. Nítorí pé ọ̀nà ti kúrú, èsì ń yára padà débi pé ìpàdé orí fídíò ṣeé ṣe láti àárín agbami, ìtànṣán lésà sì ń jẹ́ kí sátẹ́láìtì Starlink kan fi dátà lé òmíràn lọ́wọ́ títí yóò fi dé èyí tó wà lókè ibùdó orí ilẹ̀. Sátẹ́láìtì wọ̀nyí kì í dúró, síbẹ̀ áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tó ń bá wọn lò kò ní mọ́tò. Ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì inú rẹ̀ ló ń darí ìgbì láti ara ọ̀kan sí òmíràn.

Òfin kò sọnù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi tó tó máìlì òkun 12 láti etíkun wà lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè tó ni ín, bí ìjọba ibẹ̀ kò bá sì tíì fún ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà níwèé àṣẹ, iṣẹ́ rẹ̀ lè dá dúró bí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ ilẹ̀. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí Starlink ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Bákan náà, ọ̀nà tó yára jù kì í ṣe ọ̀nà ìpè ìrànlọ́wọ́: sátẹ́láìtì tí IMO bá fọwọ́ sí, irú bí Inmarsat àti Iridium, ni òfin GMDSS gbà, nítorí náà ọkọ̀ tó ti ra áńtẹ́nà tuntun kò lè tìtorí ìyẹn tú ẹ̀rọ àtijọ́ dànù.

Ètò inú ọkọ̀

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọ inú ọkọ̀, pípín rẹ̀ ni iṣẹ́ tó kù. Wọ́n máa ń ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára èyí tí atukọ̀ fi ń wo fídíò, kí fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ fóònù ẹnìkan má bàa dé ibi ìtukọ̀. Àwòrán ojú òkun, ìròyìn ojú ọjọ́ àti ìwé èbúté ni wọ́n ń fún láàyè kọ́kọ́, wọ́n sì ń dá ìmúdójúìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ dúró títí ọkọ̀ yóò fi dé ibi tí dátà ti pọ́ọ́kú. Lórí ọkọ̀ kékeré, iná ni wàhálà: áńtẹ́nà tó ń jẹ wáàtì 50 yóò jẹ kílówáàtì-wákàtí 1.2 láàárín ọjọ́ kan, èyí tó tó láti lo agbára bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ 100 áńpíà-wákàtí tán, nítorí náà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbára lé sólà, wọ́n sì máa ń pa á lálẹ́.

Ẹ̀tọ́ atukọ̀ àti ewu

Ìgbà kan wà tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ nìkan. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú òkun, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva ní ọdún 2006 tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 2013, ní àtúnṣe kan tó di òfin ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tó ní kí ọlọ́kọ̀ fún atukọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tó bá ṣeé ṣe, kí owó tí yóò bá gbà lórí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó mọ níwọ̀n.

Ohun tí àìní rẹ̀ lè fà hàn ní erékùṣù Mauritius ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí ọkọ̀ Wakashio, tó ń lọ sí Brazil, gun àpáta iyùn abẹ́ omi, tí nǹkan bí tọ́ọ̀nù epo 1,000 sì dà sínú òkun. Ìwádìí àjọ ààbò ìrìnnà ti Japan fi hàn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ darí ọkọ̀ náà sún mọ́ etíkun kí fóònù àwọn atukọ̀ lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìní àwòrán ojú òkun tó fi ìjìn omi ibẹ̀ hàn yékéyéké.

Níní íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì NotPetya ba kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Maersk ti Dẹ́ńmáàkì jẹ́ káàkiri ayé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó yè lára àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn wà ní Gánà, nítorí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni IMO ti ń retí kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi irú ewu yìí kún ètò ààbò wọn.

Ní etíkun Nàìjíríà

Gbogbo ìpele wọ̀nyí ló wà lójú omi Nàìjíríà. Lórí ọ̀sà Èkó, níbi tí ọkọ̀ èrò ti ń ná Ìkòròdú sí Erékùṣù, òpó fóònù yí omi ká, fóònù lásán sì tó. Ọkọ̀ ẹrù tó dákọ̀ró níwájú Èkó ń dúró de àyè ní èbúté ṣì lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bonga, tó ti ń wa epo láti ọdún 2005 ní nǹkan bí kìlómítà 120 sí ilẹ̀, ti kọjá ibi tí òpó etíkun lè dé. Okùn fáíbà abẹ́ òkun, bíi MainOne àti Glo-1 tó gúnlẹ̀ sí Èkó, ń kọjá lábẹ́ àwọn ọkọ̀ tó ń rìn láìwúlò fún wọn, nítorí pé wọn kò lè so mọ́ okùn. Nítorí ewu àwọn ajalèlókun ní agbègbè Gulf of Guinea, ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá tún máa ń fi ipò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ímeèlì àti fóònù sí ibùdó MDAT-GoG, tí Faransé àti Ìlú Ọba ń darí láti ọdún 2016. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò gba dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kùnà, ìdí sì nìyí tí ọlọ́kọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń ní ẹ̀rọ kékeré tó lọ́ra, tí òjò kò sì lè dí lọ́wọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yára.