Ilé Amọ̀ Ẹdẹ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ọ́n àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ìlú Ẹdẹ. Ìtàn ìlú náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fàiná, jagunjagun tí Aláàfin Ọ̀yọ́ rán wá ṣọ́ ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Ẹdẹ-Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí ìlú tó kó wá síbi tó wà lónìí lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí Akínwùmí Ògúndìran, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé láti wá àwókù ayé àtijọ́, ohun tó rí fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Igi oṣè tó jẹ́ igi ọ̀dàn ṣì dúró níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọ ọ̀dàn yìí mú ọgbọ́n ìkọ́lé wọn dání wá sétí igbó: ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé koríko bẹẹrẹ, àti agbo ilé tó yí àgbàlá ká. Láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè yìí. Nítorí náà, omi ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá mọ ilé ní Ẹdẹ ní láti bá jà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ilé. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa nítòsí, wọ́n á da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè dì mọ́ra, wọ́n á sì tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa ṣù ú, tí wọ́n á máa jù ú sí ẹni tó ń mọ ọ́n. Wọn kì í mọ ju ìpele kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele yìí gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, torí amọ̀ tútù kò lè gbé ẹrù. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ náà: onílé á pèsè oúnjẹ àti ẹmu, ará àti àna á sì wá fi agbára wọn ràn án lọ́wọ́. Bí ògiri bá parí, ó lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 1 tàbí 1 ààbọ̀.

Ìnípọn yìí ni aṣọ ilé. Oòrùn ọ̀sán á gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó ràn wọ inú irú ògiri bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá sì fi dé inú, ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ ìta sì ti tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ọyẹ́: ooru tí ògiri ti gbà lọ́sàn-án ni àwọn tó wà nínú iyàrá ń yá lóru. Ohun kejì ni pé amọ̀ ń mí. Ó ń fa ọ̀rinrin inú iyàrá mọ́ra, ó sì ń tú u síta nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Èyí ló jẹ́ kí iyàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tàbí tí kò tilẹ̀ ní fèrèsé, ṣeé sùn láìrin.

Láyé àtijọ́, bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, bí àwọn ará inú igbó ṣe ń fi ewé gbòdògì bo tiwọn. Koríko yìí níyì nígbà náà débi pé Ọ̀yọ́ máa ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n máa ń kó o wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Lábẹ́ òrùlé ni àjà wà: igi tí wọ́n tò sórí ògiri, tí wọ́n sì fi amọ̀ tẹ́ lé. Àjà ń dènà ooru, ó sì ń gba ẹrù inú ilé là bí iná bá mú koríko.

Wọn kì í ka ilé amọ̀ sí ohun tó ti parí. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo ibi tí ògiri ti lanu, wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á sì fi amọ̀ dí i. Àwọn obìnrin ló ń lu ilẹ̀ iyàrá kó lè le, àwọn náà ló sì ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa á kó lè dán, kó má sì máa yọ eruku. Ìlú mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ irú ìtọ́jú yìí. Ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali, gbogbo ìlú ló ń tú jáde lọ́dọọdún láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá wọn tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1907.

Ọdún 1907 yìí kan náà ni ọ̀nà rélùwéè dé Òṣogbo láti Èkó. Ó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Ẹdẹ kọjá. Ohun tí ọkọ̀ ojú irin gbé wá yí ìrísí ìlú padà: páànù, ìṣó, pákó tí wọ́n là, àti símẹ́ǹtì. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ti ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà sì gbé àṣà yìí wọ ìlú òkè. Ògiri ṣì jẹ́ amọ̀. Ara òde àti orí ilé ló yí padà.

Páànù mú ìbẹ̀rù iná kúrò, kò sì nílò pípààrọ̀ bíi koríko, ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro méjì wá. Àkọ́kọ́ ni ooru ọ̀sán, torí páànù kò nípọn rárá. Ìkejì ni òógùn. Bí kọ́ọ̀pù omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni páànù ń làágùn lóru. Ní òpin ìgbà òjò, tí ojú ọ̀run mọ́ tí ilẹ̀ sì ṣì rin, páànù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. Èémí àwọn tó ń sùn àti oru omi inú ilé á gòkè, á kan páànù, á sì di omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀kán á ti máa já sórí ẹní, onílé á sì rò pé òrùlé ń jò. Ó lè pe káfíńtà wá kan ìṣó kún ìṣó, síbẹ̀ omi kò ní dáwọ́ dúró.

Símẹ́ǹtì tún tàn kálẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1960. Ẹni tí kò lówó láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé á fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ rẹ̀ kó lè jọ ti ìgbàlódé. Ibí gan-an ni àìsàn ilé àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Símẹ́ǹtì le, kì í bá amọ̀ wú, kì í bá a súnkì, nítorí náà á là. Òjò á gba ojú ìlà wọlé, omi ilẹ̀ náà á máa gun ògiri láti ìsàlẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Bí a bá fi ìka kan irú ògiri bẹ́ẹ̀, á dún bí agbè òfìfo. Bí a bá ṣí i, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ tàbí ìyẹ̀fun, ikán sì ti lè fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Àtúnṣe ilé bẹ́ẹ̀ ní ètò. Òrùlé ló ṣáájú: kí páànù yọ síta dáadáa kọjá ògiri, kí ọ̀sọ̀rọ̀ òjò má máa ta ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé. Ìkejì ni ilẹ̀ àyíká: kí ó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ojú àgbàrá sì là. Ẹ̀yìn èyí ni ògiri fúnra rẹ̀. Símẹ́ǹtì tó ti bó ni kí wọ́n yọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ha amọ̀ tó ti kú kúrò, kí wọ́n fi omi rin ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gígé dí i ní ìpele ìpele. Koríko yìí ni kì í jẹ́ kí amọ̀ tuntun là bó ṣe ń gbẹ. Amọ̀ ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ẹfun kùn ún, torí ẹfun kì í dí ihò èémí ògiri bí ọ̀dà olóròóró ṣe ń dí i.

Oògùn ooru àti òógùn páànù ni àjà. Ì báà jẹ́ pákó tàbí ẹní tó nípọn, ó ń jẹ́ kí àlàfo wà láàárín iyàrá àti páànù. Kí àlàfo náà lè gbẹ, ó yẹ kí ihò tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò wà lábẹ́ etí òrùlé ní ìhà méjèèjì, kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ń se oúnjẹ tàbí tí wọ́n sá aṣọ tútù sínú ilé, fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ inú àpótí á bu.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà kò kọ amọ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti dá àjọ ìwádìí lórí ilé àti òpópónà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NBRRI, ó ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ símẹ́ǹtì díẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Ilé tuntun ni búlọ́ọ̀kù yìí yẹ. Ilé àtijọ́ Ẹdẹ ní tirẹ̀, amọ̀ bí irú èyí tí wọ́n fi mọ ọ́n ló bá a lára mu jù, ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò iṣẹ́ náà, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.