Ẹ̀rọ Akifẹ́fẹ́: Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ

Ẹ lọ sí Ìdúmọ̀tà ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sọ fún onípikọ́ọ̀pù kan pé ẹ fẹ́ kó bá yín gbé "ẹ̀rọ ìfúnpá gíga" kọjá afárá Carter. Yóò bi yín pé ilé ìwòsàn wo ló ń lọ. Kò ṣì yín gbọ́. Létí ọmọ Èkó, ìfúnpá gíga ni àìsàn tí dókítà fi ń ní ká dín iyọ̀ kù. Létí àwọn bàbá wa, ìfúnpá ni oògùn tí jagunjagun ń so mọ́ apá. Ẹ̀rọ tí fọ́kánáísà fi ń fẹ́ táyà kò ní apá tí ẹnikẹ́ni lè fún.

Ẹ̀rọ yìí ti pẹ́ láàárín wa, àmọ́ a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ dáadáa. A kò sì tíì to àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ awakọ̀ bí yóò ṣe gbé e nínú ọkọ̀ láìpa ara rẹ̀ àti ará ọ̀nà lára. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: irinṣẹ́ tó bá léwu, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ ohun tí yóò ṣe.

Ẹni tó bá ń túmọ̀ láti inú ìwé lè pè é ní "ẹ̀rọ ìfúnpọ̀". Ṣùgbọ́n kí ni à ń fún? A ń fún ọsàn, a ń fún aṣọ tí a fọ̀, a ń fún gbágùúdá tí a lọ̀ kó lè di gààrí. Ohun tí a bá fún, omi inú rẹ̀ a máa jáde ni. Ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń tì í mọ́ inú irin, kò sì jẹ́ kó ráyè jáde.

Ọ̀rọ̀ tí ọdẹ ń lò ló bá a mu: kì. Ọdẹ a máa ki ìbọn. Á da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá tì í mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Bàbá arúgbó a máa ki tábà sínú ìkòkò rẹ̀. Akéwì a kì wá ní oríkì, orí wa a sì wú. Tánkì náà ń gba oríkì tirẹ̀, àmọ́ irin kò mọ bí a ti ń wú kéèyàn tún rọ̀. Bó bá kọjá agbára rẹ̀, yíya ló ń ya. Ẹ tún wò ó pé ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ kò pọ̀, a ní ó ki. Afẹ́fẹ́ náà, bí a bá ti kì í, á ki.

Nítorí náà, ẹ̀rọ akifẹ́fẹ́. Fáwẹ̀lì "i" ni mo dá sí, bí a ti dá a sí nínú "ṣíjú". Bí a bá pa á jẹ, "akafẹ́fẹ́" ni yóò dà, bí ẹni tó ń ka afẹ́fẹ́ bí ìwé. Mo yan afẹ́fẹ́ dípò atẹ́gùn, torí pé àwọn tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ kì í fi àmì sí i: "ero ategun" lè di ẹ̀rọ àtẹ̀gùn, ohun tí à ń gùn lọ sókè ilé. Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe sí afẹ́fẹ́, "ìkì" ni. Èrè rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń gbé ìbọn tí wọ́n ti kì sórí itan nínú dánfó. Awakọ̀ tó bá gbọ́ pé ìkì ṣì wà nínú tánkì ti mọ irú ẹrù tó gbé.

Báwo la ó ṣe sọ pé ìkì kan ju ìkì kan lọ? "Gíga" kọ́. Fọ́kánáísà tó tẹ táyà yín wò kì í ní ó ga. Á ní ó le, tàbí ó ti rọ̀. Ìkì líle àti ìkì rírọ̀ ni. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju 35 psi lọ lójú gééjì rẹ̀. Tánkì tó ń fẹ́ ẹ lè tó 120 psi. Ìkì líle gan-an wà nínú àgbá tí òmùwẹ̀ ń gbé wọ odò, àti èyí tí panápaná ń gbé sẹ́yìn wọ inú èéfín nígbà tí iná bá sọ, bó ti sọ ní ọjà Balógun ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Afẹ́fẹ́ inú irú àgbá bẹ́ẹ̀ a máa tó 200 tàbí 300 bar. Bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bí afẹ́fẹ́ ayé ṣe ń tẹ gbogbo wa dọ́gba, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú wọn, àwọn kékeré lè lé ní 40 kílò, àwọn ńlá a sì ju 100 lọ.

Ní ti gbígbé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Láti Èbúté Èrò dé Jáńkárà, ọ̀nà há débi pé ọ̀pọ̀ ẹrù kì í rí ọkọ̀ wọ̀. Alábàárù àti ọlọ́mọlanke ló ń gbé e. Ẹ tẹ́tí sí wọn. Ẹrù tó ń gbọ̀n lójú kan, ó ń mì. Èyí tó tẹ̀ sápá kan tó tún padà, ó ń fì. Èyí tó kúrò níbi tí a gbé e sí, ó yẹ̀. Èyí tó forí sọlẹ̀, ó dojú dé. Ewu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dọ́gba: mímì ń tú nọ́ọ̀tì, fífì ń já okùn, yíyẹ̀ ń fọ́ ara ọkọ̀, dídojúdé ń pa ènìyàn. Ẹ̀rọ akifẹ́fẹ́ fọ́kánáísà sì rọrùn láti dojú dé, torí pé orí tánkì ni ẹ̀ńjìnnì jókòó sí: orí rẹ̀ wúwo ju ìdí lọ. Ohun tí a ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà mì, alábàárù ti ní orúkọ rẹ̀ lórí: òṣùká. Rọ́bà tó nípọn, tàbí táyà àlòkù tí a gé, òṣùká ẹ̀rọ ni.

Kí la ó fi dè é? Okùn lásán a máa rọ̀ bí ọkọ̀ bá ti wọ kòtò mẹ́ta. Ìgbànú fífẹ̀ tí irin eléyín ń fà le, ọ̀já ni mo pè é. Ìyá tó pọn ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a gbàjá: ọ̀já fẹ̀, kì í gé ọmọ lára, kì í sì í jẹ́ kó yẹ̀ lẹ́yìn. Ti ọkọ̀ ni ọ̀já eléyín. "Fún" tí a lé kúrò lára afẹ́fẹ́ sì ti ríbi jókòó sí: ọ̀já là ń fún, afẹ́fẹ́ là ń kì.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń sọ lórúkọ tuntun. Táyà, gééjì, fáàfù àti ẹ̀ńjìnnì ti di ọmọ ilé. Ìgboro Èkó mọ orúkọ í sọ: ó sọ ọkọ̀ onípákó ní bọ́lẹ̀kájà, orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun la sì fún táyà tòkunbọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti ṣe tiwọn. Láti 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ la ṣe é fún, kì í ṣe awakọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi awakọ̀ dán àwọn ọ̀rọ̀ wa wò. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ akifẹ́fẹ́, ẹ tú ìkì inú tánkì sílẹ̀ títí ọwọ́ gééjì yóò fi wá sí òdo, kí ẹ ṣí fáàfù abẹ́ rẹ̀ kí omi jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì tutù, kí ẹ ti ẹnu epo. Òró ni kí ẹ gbé e dúró. Bó bá dùbúlẹ̀, ọ́ìlì yóò ṣàn lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ tẹ́ òṣùká sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi igi dí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí kọ̀ndọ́ mólúè ti máa ń ṣe fún táyà láyé ọjọ́un. Ẹ tì í mọ́ irin tó wà lẹ́yìn awakọ̀, kó má ráyè sáré síwájú. Ẹ gba ọ̀já eléyín mọ́ ọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lára férémù, kì í ṣe lára páìpù tàbí gééjì, kí ẹ fún un títí kò fi ní fì mọ́. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ 100 kílò, kí ọ̀já lè dá 80 kílò dúró níwájú nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, àti 50 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó tì í, kí ẹ má sì tan án nínú ọkọ̀: èéfín rẹ̀ lè pani kéèyàn tó fura.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju ìwọ̀nyí lọ, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ pè é létí àwọn tó ń gbé ẹrù ní Ìdúmàgbò. Bí wọ́n bá ní kó túmọ̀ rẹ̀, kó padà sílé lọ wá òmíràn.